Ògiri Alhájì Lóyún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn yẹn dé díẹ̀, nítorí bí Alhájì Onítáyà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, yóò ní èmi náà ni. Bẹ́ẹ̀ èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, gbogbo agboolé wa ló mọ̀. Ohun tí ojú mi bá rí ni ẹnu mi ń ròyìn. Bí ojú mi bá wá ń rí ju ti ẹlòmíràn lọ, fèrèsé mi ni kí wọ́n bá wí, òun ló kọjú sí ẹ̀yìnkùlé Alhájì.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé orí òkè ni ìlú náà jókòó sí. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, orí òkè ló wà. Láyípo, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 tí wọ́n sì fi sọrí Bower, orí Òkè Arẹ́ ló wà. Àwọn tó kọ́ méjèèjì mú góńgó orí òkè, wọ́n wá fi ẹ̀gbẹ́ òkè sílẹ̀ fún àwa tó kù. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè tiwa yìí, bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ níwájú ilé Ìyá Ìbejì, ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ni yóò ti lọ mú un. Àwa ti mọ ilẹ̀ wa. A mọ bí a ṣe ń fi ègé pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan kí ẹni tó sùn lórí ẹ̀ má baà yí lu ògiri. Alhájì ni kò mọ̀ ọ́n.

Táyà tòkúnbọ̀ ni Alhájì ń tà. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ra ilẹ̀ tó wà lókè orí wa gan-an, ó kọ́ pẹtẹ́ẹ̀sì sí i, ó sì fẹ́ ìyàwó kékeré. Ẹ fi ọkàn sí ìyàwó kékeré yìí dáadáa, torí inú fóònù rẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí àwòrán ọgbà kan níbẹ̀: ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, koríko tutù minimini, àga funfun mẹ́rin lábẹ́ agboòrùn ńlá. Ó ní irú rẹ̀ ni òun fẹ́. Ìyálé wo fóònù, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó ní, “Níbo lo fẹ́ gbé àga náà sí? Bí o bá jókòó lé e, inú ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ ni wàá ti dìde.” Àwa ló ń pè ní ará ìsàlẹ̀ o. Mo gbọ́ ọ, n kò fèsì.

Alhájì pe bíríkìlà kan. N kò ní dárúkọ bíríkìlà náà, nítorí ìyàwó rẹ̀ ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì jẹ mí lówó. Bíríkìlà ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Àwọn ó mọ ògiri sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ààlà àwa àti Alhájì, àwọn ó gbé e ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje, àwọn ó wá da yẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tẹ́jú. Ritéènì wọ́ọ̀lù ló pè é, ó pè é tó bí ìgbà mẹ́wàá kí Alhájì lè mọ̀ pé òun mọṣẹ́. Bàbá Ẹ̀fọ̀n tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi, ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ní Èkìtì, ìlú tí òkè yí ká, tó sì ṣe bíríkìlà títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, gbọ́ ọ láti orí àga rẹ̀. Ó ní, “Ẹ bá mi bi í, níbo ni omi máa gbà?” Kò sẹ́ni tó bi í. Alhájì wò ó pé ta ni ẹni tó ń háyà yàrá kan tó fẹ́ kọ́ onípẹtẹ́ẹ̀sì ní ilé kíkọ́.

Mo rí bí wọ́n ṣe mọ ògiri náà. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́fà ni, oníhò, irú èyí tí wọ́n fi ń pín yàrá sí méjì. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ kò bo kókósẹ̀ lébúrà. Wọn kò fi irin kankan sí i, wọn kò sì rọ kọ́ńkéré sínú ihò búlọ́ọ̀kù. Ó tọ́ lóòró gbọnrangandan, kò fẹ̀yìn ti òkè rárá. Lébúrà kan, ọmọ tó ní làákàyè, béèrè pé ṣé kí àwọn fi páìpù sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ìyàwó kékeré fúnra rẹ̀ ló dáhùn láti orí pẹtẹ́ẹ̀sì, ó ní ihò kò ní jẹ́ kí ọ̀dà rẹwà. Píńkì ló fẹ́ kùn ún. Ẹ sì wò ó, apá tó kọjú sí wa ni wọ́n fẹ́ kùn ní píńkì. Àwa la ó máa wò ó láàárọ̀ lálẹ́, òun tó wà lókè kò ní rí i àfi bó bá wá kí wa, kì í sì í kí èèyàn.

Ohun tí wọ́n dà sẹ́yìn ògiri wá burú ju ògiri lọ. Típà ń já amọ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ sọkawé ládùúgbò, wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá, àti àwọn táyà tó ti gbó tí Alhájì kò rí tà. Kò sẹ́ni tó gún un, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Amọ̀ kì í jẹ́ kí omi kọjá bọ̀rọ̀. Ó ń mu ún ni, á sì wú. Bàbá Ẹ̀fọ̀n ń wo típà, ó ń mi orí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún wá gbé táǹkì omi ńlá dúdú kan lé etí ọgbà, síbi tó sún mọ́ ògiri jù lọ, kí páìpù má baà jìn sí ibi tí wọ́n ó ti máa bomi rin òdòdó.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo èyí, kò sí ohun tó ṣe ògiri. Wọ́n tẹ́ koríko, wọ́n gbé àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, wọ́n ṣe àríyá ọgbà. Wọ́n pè wá, wọ́n ṣe dáadáa. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fún èmi kò lẹ́yin nínú, odidi ẹyin ló wà nínú ti Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n mo ti dárí jì wọ́n, n kì í sọ ọ́ mọ́. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń jó, tí gbohùngbohùn ń lu ilẹ̀ gbì-gbì, mo rí i tí Bàbá Ẹ̀fọ̀n gbé àwo rẹ̀ kúrò létí ògiri, ó lọ jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọdé. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Òjò Oṣù Karùn-ún kò ṣe é ní nǹkan. Ìgbà tí ti Oṣù Kẹfà gba ọ̀sẹ̀ kan láìdá ni mo jáde láàárọ̀ láti sá aṣọ, tí mo rí i pé píńkì ti ń di dúdú nísàlẹ̀, tí ògiri sì ti yọ ikùn. Mo pe Ìyá Ìbejì. Mo ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ wá wo ògiri Alhájì, ó lóyún.” Ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó ní oṣù márùn-ún rèé. Ìyá Aládìẹ ní irọ́ ni, oṣù méje ni, ikùn ti wálẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Àwọn ọkùnrin náà dé, wọ́n ń béèrè ta ló fún un lóyún, wọ́n ń dárúkọ gbogbo ọkùnrin àdúgbò, títí kan ẹni tó ń gbowó iná. Bàbá Ẹ̀fọ̀n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Omi ló fún un lóyún. Kò sì ní í pẹ́ bí.”

Àǹtí Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, bí èèyàn bá ní inú ń run òun, yóò wá ìwé. Ó ní yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ń ti ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń di ara rẹ̀ mú díẹ̀. Omi ni kì í di ara rẹ̀ mú rárá. Ó ní bí omi bá kún ẹ̀yìn ògiri tó ga ní mítà kan, lórí mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wọ̀n ní gígùn ògiri náà, agbára tó ń tì í tó ìwọ̀n kílò 500. Ó ní ká wá gbé ògiri náà ga dé mítà méjì, kílò mélòó ni? Gbogbo wa ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó ní rárá o, 2,000 ni, tọ́ọ̀nù méjì. Bí gíga bá di ìlọ́po méjì, títì náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ti Alhájì sì ju mítà méjì lọ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, omi nìkan ló ṣírò yìí, kò tíì ka yẹ̀pẹ̀. Ìyá Ìbejì béèrè bí tọ́ọ̀nù méjì ṣe tó. Àǹtí Tíṣà nawọ́ sókè, ó ní ṣé a rí táǹkì yẹn, lítà 2,000 ni wọ́n kọ sí i lára, bó bá kún, ìwọ̀n omi inú rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa gbójú sókè wo táǹkì náà létí ògiri. Ẹ̀rín wa dá.

Èmi ni wọ́n rán tẹ̀lé Bàbá Ẹ̀fọ̀n lọ bá Alhájì, nítorí wọ́n ní mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá rọra rìn lórí koríko, ó fi ọ̀pá tẹ ibì kan, ó fi hàn wá: ilẹ̀ ti sán gbọọrọ, ó bá ògiri lọ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ mi wọ ibẹ̀. Igi ìbẹ́pẹ tó wà létí rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú. Ilẹ̀kùn ilé jẹnẹrétọ̀ kò pa dé mọ́, wọ́n rò pé igi rẹ̀ ló wú. Bàbá ní, “Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da omi táǹkì yìí nù lónìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì wá sétí ibí mọ́.” Alhájì ní àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń jowú ọgbà òun tipẹ́. Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo ti ní èsì kan lẹ́nu tí ì bá tán ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Bàbá fa aṣọ mi.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n padà sílé, ó kó gbogbo ẹni tó ń sùn ní yàrá méjì ẹ̀yìn wá sí pálọ̀. Ìyá Aládìẹ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní adìẹ òun ńkọ́. Ó sì ń hanrun, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, àgbàlagbà tó bá rí òjò tó ń bínú kì í jiyàn púpọ̀. Àwọn tó rí Ògùnpa ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ 1980 ṣì wà láàyè láàárín wa, àwọn tó tún rí ti ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ 2011 kò tíì dàgbà. Méjèèjì ló gbé ilé, tó gbé afárá, tó gbé èèyàn lọ. Ti odò ni ìyẹn, àwọn ará àfonífojì ló jẹ ẹ́. Àwa ará ẹ̀gbẹ́ òkè máa ń rò pé omi kò lè rí wa mú, torí ó ń kọjá lọ ni. Kò kọjá bí a bá mọ ògiri dí i.

Ògiri náà wó ní ìdájí. N kò ní fi ariwo rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Yàrá Ìyá Aládìẹ kún fún amọ̀ dé ojú fèrèsé, táǹkì yí wálẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọ̀kan nínú àga funfun mẹ́rin bá a wá. Kò sí èèyàn tó fara pa, ọpẹ́ ni f’Ọ́lọ́run àti ọ̀pá Bàbá Ẹ̀fọ̀n. Adìẹ lọ. Àkùkọ kan ló jáde láàyè, èyí gan-an tí Ìyá Aládìẹ ti gba owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa á. Ẹni náà ní òun kò jẹ ẹ́ mọ́, òun ń gba owó òun. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú àwọn àgbà.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Alhájì sọ? Ó ní ayé ni. Ó ní àwọn kan ló ń ṣe òun, ó sì ń wo ọ̀dọ̀ fèrèsé mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ó lọ pe Àfáà láti wá ṣe àdúrà. Àfáà dé, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó tún wo ìpìlẹ̀ ògiri tó jáde síta bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Alhájì, àdúrà ń bẹ, a ó ṣe é. Ṣùgbọ́n omi òkè yìí, níbo lẹ ní kó máa gbà?” Ọ̀rọ̀ Bàbá Ẹ̀fọ̀n gẹ́lẹ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lọ́wọ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Alhájì sọ̀ kalẹ̀ wá sí agboolé wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Aládìẹ, ó ní òun ó tún yàrá rẹ̀ kọ́, ó sì jókòó síwájú Bàbá Ẹ̀fọ̀n lórí àpótí. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, “ẹ” ni Bàbá ń sọ fún un nítorí Mẹ́kà tó lọ. Lọ́jọ́ yẹn, “o” ló bọ́ sí i lẹ́nu. Kò sì yí i padà mọ́.

Bàbá ní, “Ògiri tó bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ tó ń dá yẹ̀pẹ̀ dúró, ẹnjiníà ni kí o lọ pè. Pàápàá nígbà tí ilé èèyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀.” Ẹnjiníà dé, ó wo ilẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó yàwòrán. Òun àti Bàbá jọ fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n má tún gbé ògiri kan ṣoṣo dìde. Méjì ni wọ́n máa mọ, òkọ̀ọ̀kan kò ní ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ lọ, ọ̀kan á wà nísàlẹ̀, èkejì á sún sẹ́yìn sórí òkè. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kéré sí ẹsẹ̀ bàtà méje, ìlọ́po méjì gíga èyí tó wà nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹrù ti òkè á gun ti ìsàlẹ̀ lórí. Àǹtí Tíṣà tún mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀: ó ní ògiri tó jẹ́ ìdajì gíga, ìdá kan nínú mẹ́rin ni títì tó ń gbà. Ìyàwó kékeré bú sẹ́kún, ó ní ọgbà òun ti di àtẹ̀gùn. Ìyálé ní kó má sunkún, òun á gbin ẹ̀fọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ó sì gbìn ín o. Tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ dára, ó ń ba ọjà mi jẹ́.

Àǹtí Tíṣà kan náà ló sọ fún wa pé àwọn ará Sukur ní Adamawa ti fi òkúta lásán gé ẹ̀gbẹ́ òkè wọn sí ìpele ìpele fún oko láti ìgbà pípẹ́, débi pé àjọ UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1999, ibi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn Konso ní Etiópíà náà ń ṣe é, òkúta lórí òkúta, ògiri wọn mìíràn ga dé mítà márùn-ún. UNESCO kọ orúkọ ti wọn náà ní 2011. Ìyá Ìbejì ní ṣé kò sí sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀ rárá? Kò sí. Omi kàn ń gba àárín òkúta yọ, kò rí ẹni bá jà. Bàbá Ẹ̀fọ̀n gbọ́ èyí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé wọ́n dárúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n dúró dè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, Alhájì fẹ́ kí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá ní ẹni tó bá gbẹ́ ìdí òkè nínú òjò, sàréè rẹ̀ ló ń gbẹ́. Wọ́n kàn fi àpò yanrìn àti tapólì bo ojú ibẹ̀ títí òjò fi dá. Nígbà tí wọ́n wá máa gbẹ́ ẹ, láti òkè wá ni wọ́n ti ń gé e, wọn kò sì gbẹ́ gbogbo gígùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á mọ ìyẹn, wọ́n á tún sún síwájú. Lébúrà kan gbìyànjú láti máa gbẹ́ ìsàlẹ̀ wọlé kí yẹ̀pẹ̀ òkè lè ya wá fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá. Igbe tí Bàbá ké, àwọn tó ń ta àkàrà lẹ́bàá títì gbọ́ ọ. Yẹ̀pẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan, wúwo ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré lọ. Kò sí ẹni tó máa fi ṣọ́bìrì gbé e kúrò lórí ènìyàn kí ẹ̀mí tó bọ́.

Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lọ́tẹ̀ yìí kọjá amọ̀ dídà, ó dé ilẹ̀ tó le tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn rí. Òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri, òkúta Ìbàdàn kò sì wọ́n. Ìdí rẹ̀ nípọn gan-an, ó ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè. Ó sì fẹ̀yìn ti òkè: ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan tó bá ga, ó fi nǹkan bí íǹṣì kan sún sẹ́yìn. Nísàlẹ̀, páìpù ni, tí wọ́n jìnnà síra wọn ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún márùn-ún, ẹnu wọn rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ síta kí omi má baà padà. Ìyàwó kékeré ka ihò náà níṣojú mi, kò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìn ògiri wá ni ibi tí Bàbá Ẹ̀fọ̀n ti sọ àga rẹ̀ di oyè. Kò jẹ́ kí wọ́n da nǹkan kan sí i lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa bomi rin ògiri náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì jẹ́ kó tó ọjọ́ 28 kó lè gbó. Alhájì ní ṣé ọmọ tuntun ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ wá, gíránáìtì tí kò ní ekuru, wọ́n tò ó sẹ́yìn ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Láàárín òkúta àti yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ta aṣọ kan tí ẹnjiníà mú wá, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, yẹ̀pẹ̀ kò lè kọjá láti lọ dí òkúta. Wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ ní íǹṣì mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n ń gún un, wọ́n tún ń da òmíràn. Kò sí táyà nínú rẹ̀. Mo ṣọ́ ọ. Bí mo bá sọ pé mo ṣọ́ ọ, ẹ mọ̀ pé mo ṣọ́ ọ. Amọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀ lókè kí omi òjò má baà ráyè wọlé, wọ́n sì la gọ́tà kékeré kan sókè ọgbà tó ń mú omi òkè gba ẹ̀gbẹ́ lọ kó tó dé ibẹ̀ rárá. Táǹkì lọ sí ẹ̀gbẹ́ pẹtẹ́ẹ̀sì. Sọkawé tí wọ́n tún fẹ́ gbẹ́ sínú ọgbà, wọ́n gbé e lọ síwájú ilé. Wọ́n fi irin ṣe ọgbà kékeré sétí òkè ògiri kọ̀ọ̀kan nítorí àwọn ọmọ tó ń sáré.

Ìjà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, èmi náà ni mo dá a sílẹ̀, n kò sì kábàámọ̀. Mo bi Alhájì pé omi tó ń jáde látinú páìpù náà, ẹ̀yìnkùlé ta ló ń bọ̀? Ẹnu ya gbogbo wọn. Gbogbo wọn ti ń yọ̀ pé omi ti rí ọ̀nà, kò sẹ́ni tó béèrè pé ọ̀nà ọ̀dọ̀ ta ni. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ní ìyá yìí sọ òótọ́. Alhájì san owó gọ́tà onísìmẹ́ńtì tó gba ìdí ògiri lọ sí gọ́tà títì, lórí ilẹ̀ tirẹ̀, kò wọ inú tiwa ní íǹṣì kan. Àwọn kan ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ àwọn náà kò sì tutù nínú òjò mọ́.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé a kò ṣàìmọ̀. Ọjọ́ 14 Oṣù Kẹjọ 2017, ẹ̀gbẹ́ òkè ya lulẹ̀ ní àdúgbò Regent lẹ́yìn òjò púpọ̀, ní Freetown, ìlú tí àwọn Sàró tó padà wá sí Abẹ́òkúta àti Èkó ti gbéra. Àwọn tó kú àti àwọn tí wọn kò rí mọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún. Wọ́n ti gé igi orí òkè náà, wọ́n ti ń kọ́lé sí i lára. A gbọ́ ọ lórí rédíò, a káàánú, ẹnì kan nínú wa sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni típà tún ń já amọ̀ sórí òkè ládùúgbò wa ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Kí ẹ tó lọ, ẹ gbọ́ èyí. Bí ẹ bá ní ògiri tó ń dá ilẹ̀ dúró nílé yín, ẹ yọjú sí i kí Oṣù Kẹta tó parí. Ihò tí ewé tàbí ẹrẹ̀ bá ti dí, ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un kó là. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ jáde lọ wo ihò náà. Bí omi kò bá jáde níbẹ̀, omi ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́. Bí ó bá sì ti yọ ikùn, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó wá ẹni tí ẹ ó bá jà.